Oògùn, Àdúrà àti Ìyá Àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ẹ̀yin olùkàwé mi, ọ̀rọ̀ ẹkún ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún náà ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa, tí mo ti ń pè láti kékeré láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ilé ìyá ìyá mi wà ní Adigbẹ, ní Abẹ́òkúta, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Pánsẹ́kẹ́ bí kò bá kánjú. Ilé Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi bá mọ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń gbà jáde. Ìyá Àgbà a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Aládùúrà, a lọ sí ìjọ tirẹ̀. Àǹtí mi, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá kan tí ó yá yàrá méjì nínú ilé náà sì jẹ́ Kátólíìkì. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa a tún pàdé ní pálọ̀. Láfún kan náà ni a ń jẹ, Ọlọ́run kan náà ni a ń pè, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí Bíbélì, ohun tí oníkálukú ń rí níbẹ̀ kì í bá ara mu.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó máa ń gbóná jù. Dókítà ti sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń dà á láàmú, ó sì ti ní kí ó máa lo hóró oògùn kan ní àràárọ̀, kí ó má ṣe dá a dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Aládùúrà ní kí n ṣí Ẹ́kísódù orí 15, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé Òun ni ó ń mú wọn lára dá. Ó tún ní kí n ṣí Kíróníkà Kejì orí 16. Níbẹ̀ ni a ti kà nípa Ọba Ásà, tí àrùn mú ní ẹsẹ̀, tí ó tọ àwọn oníṣègùn lọ dípò kí ó tọ Ọlọ́run lọ, tí ó sì kú.

Àǹtí mi ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣí Àìsáyà orí 38 náà.” Mo ṣí i. Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ wòlíì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo ọba lórí kí ó lè yè. Àǹtí mi tún rán wa létí pé oníṣègùn ni Lúùkù, pé Pọ́ọ̀lù sì gba Tìmótì nímọ̀ràn pé kí ó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀.

Ìyá Kátólíìkì ní inú Bíbélì tòun ni ìwé Sírákì wà, pé orí 38 níbẹ̀ ní kí a bu ọlá fún oníṣègùn, nítorí Ọlọ́run ni ó dá a. Bàbá Aládùúrà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ìwé tí kò sí nínú Bíbélì tèmi, ẹ má fi bá mi jà.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé Jákọ́bù orí 5, ẹsẹ kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú. Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì fi òróró kùn ún. Bàbá Aládùúrà ní, “Ṣé o rí i? Àdúrà àti òróró ni, kì í ṣe hóró oògùn.” Àǹtí mi ní oògùn ni òróró láyé ìgbà náà, pé òróró àti wáìnì ni ará Samáríà dà sí ojú egbò ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù. Èmi ni mo ń bá wọn ṣí ìwé, ó sì ń dùn mọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọ̀ta ayò. Ìyá Àgbà jókòó láàrin wa. Kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi í ní nǹkan kan.

Kì í ṣe ilé wa ni àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú jà kárí ayé ní 1918, tí ó ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Joseph Ṣadárè àti àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde fi àdúrà dojú kọ ọ́. Nígbà tí ó di 1922, wọ́n ti kúrò nínú ìjọ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà da ọ̀rọ̀ pọ̀, ìjọ tí kò fàyè gba oògùn rárá. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930. Ní 1931, àwọn aṣíwájú Apostolic Church wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì nítorí ibà. Ọ̀rọ̀ di wàhálà. Àwọn kan dúró ti àwọn òyìnbó. Odùbánjọ, Akínyẹlé àti Babalọlá kọ̀, ìjọ tiwọn sì di Christ Apostolic Church, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ẹ ò rí i pé hóró kuníìnì wà lára ohun tí ó pín ìjọ sí méjì!

Ní Abẹ́òkúta tiwa ńkọ́? Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní ìparí 1842, Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ní 1850. Àwọn Kátólíìkì ni wọ́n sì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895. Orúkọ Jésù kan náà tí àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ sọ oògùn nù ni àwọn mìíràn tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n gbè sí Bàbá Aládùúrà lẹ́yìn díẹ̀. Nínú èdè wa, oògùn ni àgbo, oògùn ni hóró tí dókítà fún wa, oògùn ni òǹdè, oògùn náà ni èyí tí a fi ń ṣe ọmọlàkejì ní ibi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn baba ìjọ wọ̀nyí wàásù pé kí Onígbàgbọ́ kó oògùn dànù, wọn kò kúkú ṣiṣẹ́ òmùgọ̀. Ohun tí ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kó òǹdè dànù, kuníìnì bá a lọ, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì lè fi í yege ìdánwò. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ní ọjọ́ kan, mo ń bá Ìyá Àgbà wá ìwé orin rẹ̀ nínú àpótí. Mo rí ọ̀rá kan, hóró oògùn kún inú rẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ ò lo oògùn yín?” Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá lò ó, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ á ní mi ò nígbàgbọ́. Bí mo bá ní mi ò lò ó, àǹtí rẹ á ní mo fẹ́ para mi. Mo tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ kí ilé lè tòrò. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n má dá ìjà sílẹ̀ láàrin àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo fi jókòó ní pálọ̀ tí mò ń bá wọn ṣí Bíbélì.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà fẹ́ gbé ife omi, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pè mí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo figbe ta. Ta ni ó kọ́kọ́ sáré dé? Bàbá Aládùúrà ni. Kò ṣí ìwé kankan. Ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e dé inú ọkọ̀ aládùúgbò wa, ó ní, “Ó di ọsibítù!” Àdúrà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí a fi dé ibẹ̀. Nígbà tí àǹtí mi dé láti Ìtòkú, orí ìkúnlẹ̀ ni ó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ó ń gbèjà oògùn ń gbàdúrà, ẹni tí ó ń gbèjà àdúrà ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún wọn. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Èyí ni ó dùn mí jù.

Ọlọ́run ṣe é, Ìyá Àgbà kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán. Kò lè wé gèlè fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo máa ń wé e fún un bí mo bá wá sílé.

Ní ọ̀kan nínú àwọn àárọ̀ wọ̀nyí ni mo ro ọ̀rọ̀ náà “ìwòsàn” wò. Wò àti sàn ni ó wà nínú rẹ̀. A ń wo aláìsàn kí ó lè sàn. Sísàn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, Bàbá Aládùúrà kò parọ́. Ṣùgbọ́n wíwò, iṣẹ́ tiwa ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi wọ̀nyẹn, gbogbo wa ń jà lórí ẹni tí ń mú ènìyàn sàn, kò sì sí ẹni tí ó wo Ìyá Àgbà. Àǹtí mi kò ka hóró oògùn náà wò kí ó mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Bàbá Aládùúrà kò bi ìyá rẹ̀ bí ara ti rí. Èmi tí mo wò, tí mo rí, mo pa ojú dé.

Bàbá Aládùúrà kò tíì yí padà. Títí di òní, òun fúnra rẹ̀ kì í lo oògùn, ó sì tún mú Ọba Ásà wá sí pálọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, òun ni ó ń bu omi sínú ife, tí ó ń gbàdúrà sí i, tí ó sì ń fi hóró oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́ òsì ìyá rẹ̀. A dúró tì í títí Ìyá á fi gbé e mì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa bá ara wa jiyàn lórí Ìwé Mímọ́. Kò burú, ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó láàrin wa tí kò sọ̀rọ̀.