Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Ẹni Tó Ń Lò Ó

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bi í rí pé kí gan-an ló ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ẹbí mi ní Ìbàdàn ṣì rò pé kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ni mò ń tún ṣe ní Accra. N kì í bá wọn jiyàn mọ́. Ènìyàn méje ló wà lábẹ́ mi. Áàpù tí àwọn oníṣòwò fi ń dá àjọ là ń kọ, àjọ tí àwọn ará Ghana ń pè ní susu. Ẹ ó gbọ́ èsúsú wa nínú orúkọ yẹn.

Kóòdù kíkọ kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Èyí tó le ni kí ènìyàn méje tó fẹ́ràn kóòdù gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí wọ́n ronú nípa ẹni tí yóò lò ó. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè ìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá wa máa ń ka iye nǹkan tuntun tí a fi kún áàpù, bí ẹni ń ka iṣu lórí àtẹ. Bó bá pé mẹ́wàá, a ó pàtẹ́wọ́. Bóyá oníbàárà kankan lò ó, ìyẹn kò sí nínú ìwé tó ń kà.

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí níbi tí mo wà yìí, mo fi òfin kan lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ kóòdù gbọ́dọ̀ jókòó lọ́jà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ìsọ̀ ẹni tó ń lo áàpù wa, kó sì dákẹ́ kó máa wò. Àwọn ọ̀dọ́ náà ráhùn. Ọ̀kan ní òun kò kàwé gboyè láti wá jókòó ti agbọ̀n tòmátì.

Ọmọ yìí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ọjà Madina. Ó kíyè sí i pé obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ máa ń pa àtẹ̀jíṣẹ́ wa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó bi í pé, "Auntie, kí ló dé?" Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ló ṣàlàyé pé fóònù náà kì í ṣe ti òun nìkan. Bó bá dalẹ́, ọkọ òun ló ń lò ó, àwọn ọmọ a sì gbà á ṣeré. Aago mẹ́jọ alẹ́ sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ wa máa ń dé, tí yóò ka gbogbo owó tó wà nípamọ́ síta, títí dé pesewa tó kẹ́yìn. Owó ilé-ìwé ọmọ ló ń kó jọ. Lóṣù tó kọjá, ọkọ rí iye rẹ̀, ó ní kó yá òun. Kò tíì dá a padà.

Ẹ wò ó, kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà kì í pẹ́, ìṣirò rẹ̀ kì í yẹ̀. Wọ́n ti yin àwọn tó kọ ọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, àṣírí ló ń tú lálaalẹ́. Mi ò sọ pé kí ìyàwó máa fi owó pamọ́ fún ọkọ o. Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn, ẹ má fà mí wọ̀ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló yẹ kó bá a sọ ọ́.

Ní àsìkò náà, àwòrán aláwọ̀ mèremère kan là ń ṣe, tí yóò máa fi bí owó ṣe ń gòkè hàn. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi owó dókòwò lọ́dọ̀ wa. Mo ní ká dá a dúró. Ó bínú. Mo wá bi í pé kí ló dé tí àwọn obìnrin ṣì ń kó owó fún alájọ tó ń rìn kiri, tó ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Alájọ yẹn kì í kàn sílé wọn lálẹ́. Kò mọ kóòdù, ó mọ oníbàárà rẹ̀.

Ohun tó jọ èyí wáyé ní Kenya. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń dán M-Pesa wò, sísan owó yíyá kéékèèké padà ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tí wọ́n fún lò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fowó ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tó ṣe é kò bá wọn jà. Nígbà tí Safaricom gbé e jáde ní 2007, owó fífi ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polówó rẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ló ná wa. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò sọ iye mọ́, ó kàn ń sọ pé a ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ yóò lo USSD, tí a máa ń tẹ ìràwọ̀ àti nọ́ńbà fún, kó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà 182 péré ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò sáyè àsọjù.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọmọ tó kọ agbọ̀n tòmátì ló dábàá pé kí olúkúlùkù máa yan wákàtí tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ yóò dé. A ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ẹlẹ́ja náà ń dá cedi márùn-ún lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa báyìí, ó ń dá ìyókù lọ́dọ̀ alájọ. Ó ní òun ṣì ń wò wá ná.