Òjé Ló Gba Eegun Là, Kì í Ṣe Kápúsù

Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní yunifásítì ló bi í ní ìbéèrè náà, ní ọdún tí Màmá fẹ̀yìn tì: "Màmá, ṣé ẹ gbà pé àwọn èròjà antioxidant lè dáàbò bo eegun lọ́wọ́ ìtànṣán?" Obìnrin tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán cobalt ní ilé ìwòsàn ìjọba kan kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ọkọ mi, ta ló ń tà á?"

Ìbínú rẹ̀ ní ìdí. Ó pẹ́ tó ti ń rí àwọn tó ń kiri ìgò kápúsù fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tó wá gba ìtànṣán. Ẹni tó ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó rówó ìtọ́jú ni wọ́n máa ń sọ fún pé eegun rẹ̀ á jẹrà bí kò bá ra ìgò kan sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ eegun àti ìtànṣán kò bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ wọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ọ̀gá òun sì wà lára wọn.

Ìlú Ọba ni ọ̀gá náà ti kọ́ṣẹ́ kó tó padà wálé. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan: ẹni tó bá ń fa ìlà sí ara aláìsàn, níbi tí ìtànṣán máa gbà wọlé, kò gbọdọ̀ ki kálàmù bọ ẹnu. Ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé, iṣẹ́ dúró nìyẹn, á jókòó gbọ́ ìtàn àwọn ọmọbìnrin Orange ní New Jersey, l'Amẹ́ríkà. Láti 1917 ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà tó ní radium nínú kun ojú aago kó lè máa tàn lóru. Ètè ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó. Ara kò mọ radium yàtọ̀ sí kálísíọ̀mù, inú eegun ló ń kó o sí. Eyín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ojú ibi tó ti yọ kò jinná, eegun àgbọ̀n wọn ń já bọ́ sọ́wọ́ dókítà. Ní 1925, dókítà Harrison Martland kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn pé radium ló fà á. Grace Fryer àti mẹ́rin nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba kóòtù lọ ní 1927. Owó gbà-má-bínú ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà ní 1928.

Ìtànṣán ẹ̀rọ kì í gbé inú eegun bíi ti radium, ó ń kọjá lọ ni. Àmọ́ bó ṣe ń kọjá, ó ń fọ́ omi inú ara sí wẹ́wẹ́, àwọn èérún náà, tí antioxidant máa ń gbógun tì, á sì máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun ń kú tàbí kí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́. Àwọn tó ń jẹ eegun àtijọ́ tilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀. Nínú mùdùnmúdùn, ìyá sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di amọ-eegun á di ọ̀rá, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì fún. Ilé tí birikilà ti sá kúrò níbẹ̀, tí àwọn awólé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ni eegun bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ẹnu rẹ̀ fi lè yọ eyín kan lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí ojú ibẹ̀ má jinná mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ká ọ̀gá lára jù, nítorí eegun wọn ṣì ń dàgbà. Bí ìtànṣán bá ń lọ síbi jẹjẹrẹ kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní Wilms, eegun ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Láyé àtijọ́, ìdajì eegun yẹn máa ń wà nínú ìtànṣán, ìdajì á wà níta. Èyí tó wà níta á máa dàgbà, èyí tó gba ìtànṣán á dúró, ọmọ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òfin ọ̀gá ni pé bó bá máa kàn án, kó kan gbogbo ìbú rẹ̀. Kí ọmọ kúrú díẹ̀ sàn ju kó wọ́ lọ.

Ohun tó bá kù, òjé ló ń bò ó nígbà náà. Wọ́n á yọ́ òjé, wọ́n á dà á sínú ohun tí wọ́n gé bí àwòrán ẹ́síréè ọmọ náà ṣe rí, wọ́n á tò ó sórí tíréè lábẹ́ ẹ̀rọ. Àpá òjé gbígbóná ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ Màmá, ó sì ń fi í yangàn.

Lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi cobalt tọ́jú aláìsàn, ní 1951. Agbára rẹ̀ ń já sí ìdajì ní ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Bí owó àtipààrọ̀ rẹ̀ kò bá sí, ìṣẹ́jú méjì á di mẹ́rin lórí tábìlì. Ìyanṣẹ́lódì dé, iná lọ, ẹ̀rọ kú, ẹ̀rọ jí. Ní 2019, ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó ṣí ibùdó tuntun tó ń lo linear accelerator. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń darí àwọn abẹ irin tín-ín-rín tó ń bo ohun tó yẹ ní bíbò. Bí òjé ṣe dohun ìgbàgbé nìyẹn.

Kúẹ́rì kan tí wọ́n fún Màmá níbi iṣẹ́ ló dùn ún jù. Wọ́n ní ó ń dá ìlà àwọn aláìsàn dúró, nítorí ó kọ̀ láti tan ẹ̀rọ fún ọkùnrin kan tí eyín jíjẹrà kún ẹnu rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rán sí dókítà eyín. "Ṣé kí n sun eegun àgbọ̀n rẹ̀ tán kí wọ́n tó wá fa eyín yọ?" Ó ka èsì tó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún un kà, ó fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ búra. Ẹjọ́ tirẹ̀ ló tọ́. Eyín tó máa bọ́, kó bọ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kí èrìgì sì rí bí ọ̀sẹ̀ méjì fi jinná: bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kó yẹ ìbéèrè sílẹ̀. Ó mú ìwádìí kan jáde tí NASA lọ́wọ́ nínú, ti 2016: eku tí wọ́n fi èso plum gbígbẹ bọ́ kí wọ́n tó fi ìtànṣán sí wọn lára kò pàdánù eegun bíi ti àwọn yòókù. Màmá ní eku kì í ṣe aláìsàn jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni, eku wọ̀nyẹn kò ní jẹjẹrẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Èérún omi kan náà tó ń ba amọ-eegun jẹ́ ló ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ẹni tó bá gbé apata fún gbogbo ara lè gbé e fún ọ̀tá pẹ̀lú. Ní Quebec, wọ́n fún apá kan nínú aláìsàn 540 tí jẹjẹrẹ mú ní orí àti ọrùn ní fítámì E, àwọn kan pẹ̀lú beta-carotene, antioxidant ni méjèèjì. Ìwádìí náà kì í ṣe ti eegun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ le: ìtọ́jú kò ni àwọn tó lo méjèèjì lára tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ikú pọ̀ sí i lára àwọn tó gba fítámì E.

Ibi kan wà tó yẹ kí Màmá ti rọ̀. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ Faransé ti fi fítámì E pẹ̀lú pentoxifylline wo eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti bàjẹ́, èsì rẹ̀ sì dára lára ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn tí ìtànṣán ti parí ni ìyẹn, lábẹ́ ojú dókítà. Kò jọ ìgò tí wọ́n ń kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, tí ìtànṣán máa kan ẹnu tàbí ọrùn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Gbogbo ìgò fítámì tó wà nílé, ẹ kó o lọ han dókítà jẹjẹrẹ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.