Ìwé Tó Wà Lọ́wọ́ ní Wásinmi

Ìwé méjì ni ẹni tó ń kọ àròkọ yìí ń kà lọ́wọ́ lóṣù yìí. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn àròsọ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, èkejì jẹ́ ìwé ìtàn aláwòrán, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní kọ́míìkì. Ẹ̀yìn ìwé àkọ́kọ́ ti ya, wọ́n ti fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ èèyàn mẹ́ta ló sì wà lójú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, bíírò kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ṣì ń rùn bí ìwé tuntun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Wásinmi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, ló ti ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Kò sí ibi tó tún yẹ kéèyàn ti ka ìwé àkọ́kọ́ yẹn ju Wásinmi lọ. The Palm-Wine Drinkard ni orúkọ rẹ̀, Amos Tutùọlá ló sì kọ ọ́. Wásinmi ni wọ́n ti bí Tutùọlá lọ́dún 1920, àgbẹ̀ kòkó sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọkùnrin Ígbò kan. Dípò kí ọ̀gá náà máa sanwó fún un, ilé ìwé ló fi í sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1939, ìwé kíkà dópin. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi iṣẹ́ náà sin àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kó tó di méséńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Méséńjà yìí ló mú bébà, tó kọ ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní London lọ́dún 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer, nígbà tó sì di ọdún kejì, Raymond Queneau ti yí i sí èdè Faransé.

Ẹ wá bi ọmọ Yorùbá kan pé kí ló ń kà lọ́wọ́. Ẹ má retí pé yóò dárúkọ ìwé, kó sì dákẹ́. Ìtàn gan-an ni yóò gbé kalẹ̀. Ẹni tó ń ka Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lọ́dún 1974, kò ní sọ ti ọdún tàbí ti òǹkọ̀wé, ohun tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Àjàní yìí mà ti kó sí wàhálà! Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé, èwo ni kó mú?" Kí ẹ tó mọ̀, ará ilé mìíràn ti dá sí i, ó ní Àṣàkẹ́ ló tọ́ sí i. Àwọn kan máa ń sọ pé ìdí nìyí tí a kì í fi í ra ìwé, pé ìtàn tí a ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó wa. Ẹni tó ń kọ èyí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn náà dé ìdajì ni kì í lè sùn, òun ní í wá ìwé wá lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn nìyẹn. Nínú ìwé Tutùọlá, ọmọbìnrin kan tó ti kọ gbogbo ọkọ rí ọkùnrin kan lọ́jà, ó rẹwà kọjá sísọ, ó sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti wọ inú igbó ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn olówó wọn: ó dá ẹsẹ̀ padà, ó sanwó ẹsẹ̀, ó dá apá padà, ó sanwó apá, títí ó fi ku agbárí lásán. Àwọn ọmọ mẹ́rin láti ilé kejì ń ṣeré nítòsí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kọ èyí ṣe ń kà á ló ń yí i sí Yorùbá fún wọn, ó sì yọ̀ lẹ́nu bí ẹni pé kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì rí. Nígbà tó kan ọrùn, ọmọbìnrin kékeré kan mú ọrùn ara rẹ̀ dání. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ìwé dé."

Ó yẹ ká rántí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan tó kàwé bínú sí Tutùọlá nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, pé yóò jẹ́ kí àwọn òyìnbó fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kà á sókè ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yóò gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́: ààlọ́ ni, gbólóhùn rẹ̀ sì ń rìn bí ẹsẹ̀ apààlọ́. Òṣèré tíátà Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbọ́ ọ. Lọ́dún 1963, ó gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, Ọ̀mùtí sì di eré tí àwọn tí kò ka ìwé náà rí mọ̀ dáadáa.

Ìtàn kíkà papọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń káàánú, wọ́n ń bínú. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di ìwé lọ́dún 1930, ìjíròrò rẹ̀ ti gba ìgboro kan tán. Ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ nìyẹn, àárín ariwo òǹkàwé ni wọ́n sì bí i sí.

Ní ti ìwé aláwòrán, àwọn tó dàgbà ní bíi ogójì, àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò ní gbàgbé Atọ́ka. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà ni wọ́n tò sójú ewé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Yorùbá. Ẹnì kan á máa kà á, àwọn tó kù á na ọrùn láti rí ojú orogún tó ń hùwà ìkà. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè wo àwòrán kó sì bá wọn dá ọ̀daràn lẹ́jọ́.

Ìwé kejì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ èyí jẹ́ ọmọ ìyá Atọ́ka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Iyanu: Child of Wonder ni, tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan ya àwòrán rẹ̀, tí Dark Horse sì tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, ilẹ̀ Yorùbá ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, agbára kan sì wà lára rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Lọ́dún 2025 ó ti dé orí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network. Aṣọ, orí dídì, orúkọ: tiwa ni gbogbo rẹ̀. Èdè ìwé náà nìkan ni kì í ṣe tiwa, ìyẹn sì ń dunni. Ọmọkùnrin tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rin yẹn yá a lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Ajé ló dá a padà, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ láìtíì fọwọ́ kan ìwé náà.

Láti 2013 títí di 2017, Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí Wásinmi, ni òǹkọ̀wé Lọlá Ṣónẹ́yìn ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé Aké, kó tó gbé e lọ sí Èkó lọ́dún 2018. Àwọn òǹkọ̀wé ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá jókòó, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọ́n ń kà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí àjọ̀dún bá padà wá kí a tó kàwé papọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Wásinmi àti ní gbogbo Ewékorò, ọmọ abúlé yín ló kọ ìwé tí àwọn ará London àti Paris kà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kíláàsì kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago ìparí tó lù, ẹ ṣí i síbi tí ọkùnrin ọjà yẹn ti ń dá ẹ̀yà ara padà, kí ẹ kà á sókè fún wọn ní Yorùbá.