Edé inú Ọbẹ̀ Wa

Àwa ọmọ Ìjàre tí a wà láàárín yín, ilé wa kò súnmọ́ òkun. Iṣu àti kòkó ni àwọn bàbá wa ń gbìn. Síbẹ̀ ọbẹ̀ ìyá wa jẹ òkun ní gbèsè, nítorí pé láti ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ọ̀pọ̀ edé àti ẹja yíyan tí a ń rà ní ọjà Àkúrẹ́ ti ń wá.

Òkun ibẹ̀ kò jìn létí. Ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Odò ń gbé oúnjẹ wá sínú ẹrẹ̀ náà, nítorí náà ni edé àti ẹja kéékèèké fi ń pọ̀ níbẹ̀. Àwọn apẹja a tu ọkọ̀ jáde ní ìdájí, wọn a dẹ àwọ̀n. Àwọn obìnrin a fi èéfín yan ohun tí wọ́n bá mú, a sì kó o gba Igbókòdá wá sí òkè.

Ṣùgbọ́n òkun tí ń bọ́ wọn náà ni ń lé wọn. Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé, àní ilé ìwé pàápàá, nítorí ìgbì omi ń jẹ ilẹ̀ ẹrẹ̀ náà lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa ni a ó máa kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí ó pa edé inú ọbẹ̀ wọn, kí ó má baà jẹ́ pé nígbà tí a bá gbọ́ igbe Ìlàjẹ, ìbéèrè wa yóò jẹ́, “Níbo ni Ìlàjẹ wà?”