Ìlù Ẹ̀rọ Kò Gbọdọ̀ Gba Ẹnu Ìyáàlù

Níbi ìnáwó ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí ní Òkè-Ògùn lóde òní, DJ ti ń jókòó síbi tí onílù máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń gbé jáde kì í sì í ṣe tuntun délẹ̀: fújì àná, jùjú àná àti Afrobeat Fẹlá ló pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ti tún ṣe, tí wọ́n sì ti fi ìlù ẹ̀rọ tì í nídìí. Àwọn àgbà kan ní ìbàjẹ́ gbáà ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Títún orin ṣe kọ́ ló ń pa orin. Ohun tó ń pa á ni kí ìlù ẹ̀rọ kúrò ní ipò tó tọ́ sí i, kó lọ gba ẹnu ìlù tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ẹgbẹ́ dùndún dáadáa. Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa dún bákan náà láìyẹsẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí ibi fi ẹsẹ̀ lé. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Onílù á fún ọ̀sán mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Á dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ á máa bọ́ sórí awọ, oríkì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á sì máa jáde lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Orin house, orin ìlù ẹ̀rọ tó jáde láti ara disco nílùú Chicago, níbi tí DJ Frankie Knuckles ti ń fi orin dá àwọn èèyàn lárayá ní ilé ijó Warehouse láti ọdún 1977, ìlù ńlá kan tó ń dún ní ìṣísẹ̀ kan náà ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ gúdúgúdú náà nìyẹn. Ìdí rèé tí orin wa kì í fi í ṣe àjèjì lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí wà. Ní ọdún 1999, àwọn Masters at Work, olórin house ti New York, tún orin Fẹlá ti ọdún 1975, Expensive Shit, ṣe. Wọ́n jẹ́ kí ìlù house máa rìn nísàlẹ̀, wọ́n sì fi òkè sílẹ̀ fún ohùn Wunmi, akọrin ọmọ Nàìjíríà. Ní 2018, Tony Allen, ẹni tó lu ìlù fún Fẹlá, bá Jeff Mills, olórin ẹ̀rọ ti Detroit, ṣe Tomorrow Comes the Harvest: ẹ̀rọ Mills di ìdí mú, ọwọ́ Allen ń fọhùn. Nínú orin akọrin Niniola, Maradona, ti 2017, Yorùbá ló gun house lẹ́yìn. Nígbà tí akọrin Asake sì gbé àwo Mr. Money With the Vibe jáde ní 2022, ègbè bíi ti fújì bá ìlù amapiano láti South Africa pàdé, wọ́n sì bára mu, torí ìlù yẹn náà máa ń tẹ ohùn rẹ̀ sókè sódò. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ẹnì kan ti gé ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú ìlù gángan tó ń sọ̀rọ̀, tó wá ń pààrà rẹ̀ títí orin fi parí. Onílù ń ki èèyàn lọ́wọ́, wọ́n gé e láàárín ọ̀rọ̀. Etí tó gbọ́ ìlù mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ò ní parí láéláé.

Àwọn àgbà náà lè ní orin àlejò ni house. Ṣùgbọ́n gìtá jùjú pàápàá, àlejò ni nígbà kan, Sunny Ade sì lo ẹ̀rọ ìlù nínú àwo Aura ní 1984, jùjú ò tìtorí ẹ̀ kú. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti fi òwú tó ń dán sínú aṣọ òkè, a ò sì pè é ní aṣọ mìíràn, torí ọwọ́ ahunṣọ ṣì wà nídìí òfì. Àtakò tó wúwo jù ni ti oúnjẹ: bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí ni ọmọ Àyàn yóò jẹ, ta ni yóò sì tún kọ́ ìlù? Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Iṣẹ́ àwọn ìlù tó ń tẹ̀lé ìyáàlù ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ ò ríran. Kò mọ ẹni tó ń wọlé, kò mọ ilé baba rẹ̀, kò sì lè yí ọ̀rọ̀ padà nítorí rẹ̀. Ìyáàlù nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn sì ni ó yẹ ká náwó lé.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn tó bá fẹ́ lo ìlù nínú orin rẹ̀ pe onílù wá sí sítúdíò, kó jẹ́ kó ki oríkì náà dópin, kó kọ orúkọ rẹ̀ sára orin, kó sì pín in nínú owó tó bá wọlé. Kí ẹni tó ń ṣe ìnáwó tó sì ti sanwó fún DJ wá owó ìyáàlù kan péré mọ́ ọn. Bí a bá ń ṣe èyí, orin tuntun tí ọ̀dọ́ ń ṣe á di ibi tí ìlù ti ń rí iṣẹ́ sí i.