Ta Ni Yóò Gbé Ìgbọ̀nsẹ̀ Màmá?

 Láti ìgbà tí a ti dé ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń béèrè bí ìrìn-àjò wa ṣe rí. A ti sọ̀rọ̀ òkè, a ti sọ̀rọ̀ òkun, a sì ti fi fọ́tò hàn yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì sọ, nítorí pé ojú máa ń tini láti sọ ọ́ láwùjọ. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ló kù díẹ̀ kó ba ìrìn-àjò náà jẹ́, òun náà ló sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò lè gbàgbé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwa tọkọtaya, àwọn ọmọ wa méjì, àti Màmá tó bí ìyá àwọn ọmọ, gbéra láti Manchester, ó di apá àríwá ilẹ̀ Skọ́tlándì. Màmá ti lé ní 70 ọdún. Iléṣà ni wọ́n ti wá kí wa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí ọkọ̀ bá sì ti rìn díẹ̀, wọ́n ní láti na ẹsẹ̀ wọn. Nítorí èyí ni a ṣe yá ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ṣe inú rẹ̀ bí ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ni wọ́n ń pè ní North Coast 500. Ọdún 2015 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn arìnrìn-àjò lè máa wá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 516. Ìdí ilé olódi tó wà ní Inverness ló ti bẹ̀rẹ̀, ó yí etí òkun apá àríwá ká, ó sì tún padà parí síbẹ̀. Òkè rèé, adágún rèé, àgùntàn rèé lójú títì! Ní oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ yóò lù, oòrùn kò ní tíì wọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè wa ọkọ̀ jìnnà ní ọ̀nà yẹn láìrí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan.

YÍYAN ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀

Kí a tó yá ọkọ̀, a jókòó, a sì wádìí. Oríṣi mẹ́rin ni a rí.

Èkíní ni garawa tó ní ìdérí, tí wọ́n ń tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gba àyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ńkọ́? Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri títí yóò fi rí ibi tí wọ́n ti gbà á láyè láti jù ú sí.

Èkejì ni èyí tó ṣeé gbé, alápá méjì. Apá òkè ni ìjókòó àti omi tí a fi ń ṣàn án wà, apá ìsàlẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ń lọ. Ìdérí pẹlẹbẹ kan wà láàárín méjèèjì tí kì í jẹ́ kí òórùn gòkè. Ó dára fún ọkọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó kúrú. Orúnkún Màmá kò lè gbà á.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀. Ìjókòó rẹ̀ ga bíi ti ilé. Àpótí tó ń gba ìdọ̀tí wà lábẹ́ rẹ̀, láti ìta ọkọ̀ ni a sì ti ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan láti fà á jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe àpótí náà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin o! Nǹkan bíi lítà 17 sí 20 ló ń gbà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀, tó sì ń ya ìgbẹ́ sọ́tọ̀. Kò nílò kẹ́míkà. Eérú pákó tàbí irú nǹkan gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà sórí ìgbẹ́. Òórùn rẹ̀ kì í pọ̀, nítorí ìgbà tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bá dàpọ̀ gan-an ni òórùn máa ń burú. Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, àwọn ọmọdé sì lè ṣì í lò.

Ẹ̀kẹta ni a mú, nítorí orúnkún Màmá. A rò pé a ti yanjú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

MÀMÁ KÒ MU OMI MỌ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Ullapool, ìlú apẹja tí wọ́n tẹ̀dó ní ọdún 1788, ìyá àwọn ọmọ ṣàkíyèsí pé Màmá kò mu omi. Tíì tí a gbé fún wọn, wọn kò fẹnu kàn án. Wọ́n ní òùngbẹ kò gbẹ àwọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, òòyì kọ́ wọn. Ọpẹ́ ni pé bàbá àwọn ọmọ wà nítòsí, ó sì gbá wọn mú.

Ẹ rántí pé àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá àwọn ọmọ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wo ètè wọn, ó rí i pé ó ti gbẹ. Ó ní, “Màmá, ìgbà wo lẹ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn?” Wọn kò dáhùn. Ó tún béèrè. Ìgbà náà ni wọ́n fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, “Ọmọ mi, mo rí i nígbà tí ẹni tó yá yín lọ́kọ̀ ń kọ́ ọkọ rẹ bí yóò ṣe máa gbé àpótí yẹn. Ṣé èmi ni n ó máa ṣu, kí àna mi máa rù ú kiri? Ká má rí i! N kò ní sọ ọmọ ọlọ́mọ di agbépóò.”

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ agbépóò. Nígbà èwe Màmá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onígarawa wà káàkiri àwọn ìlú ńlá wa. Òru ni agbépóò ń wá. Yóò bojú, yóò gbé garawa náà karí, yóò sì máa lọ. Iṣẹ́ tó ń gba ìlú lọ́wọ́ àrùn ló ń ṣe, síbẹ̀ àwọn ọmọdé a máa fi í ṣẹ̀sín. Ohun tó wà lọ́kàn Màmá nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òùngbẹ pa ara wọn.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ gbọ́, ó dọ̀bálẹ̀ lórí koríko tútù. Ó ní, “Màmá, nígbà tí a bí àkọ́bí wa, oṣù mẹ́ta lẹ fi wà lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń fọ ìlédìí rẹ̀ lóru? Ẹ̀yin ni. Ẹ kò sọ pé ọmọ àna yín ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mu omi.” Màmá wò ó títí. Wọ́n ní kó dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ gba ife. A sinmi níbẹ̀ títí di ọ̀sán, ara wọn sì balẹ̀.

INÁ PUPA TÀN

Nínú ìdààmú yẹn, a gbàgbé ohun kan. Kásẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, a kò sì dà á nù kí a tó kúrò ní Ullapool.

A ti kọjá Laxford Bridge, a forí lé Durness. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á. Ibi tí wọ́n fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti ń yà fún ara wọn. Ibẹ̀ ni iná pupa ti tàn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ó ti kún. Bí ẹni pé ó ń dúró de iná náà, Màmá ní, “Omi tí ẹ ní kí n mu ti ń pè mí o.”

A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Odò kékeré kan ń ṣàn níbẹ̀, omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ọmọ wa ọkùnrin ní, “Dádì, ẹ dà á síbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń wò wá.” A kò ní purọ́ fún yín, ọkàn wa fà sí i. Màmá ló mi orí. Wọ́n ní, “Lábúlé tí mo gbé dàgbà, odò kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń mu. Ẹni tó wà lókè odò ló mọ ohun tó ṣe. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò mu ún.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní agbègbè yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé láti inú odò tàbí ìsun ni wọ́n ti ń fa omi mu. Àgùntàn ń mu níbẹ̀, kẹ́míkà inú kásẹ́ẹ̀tì sì lè pa àwọn ẹ̀dá inú omi. Gọ́tà òjò lẹ́bàá ọ̀nà kò sàn jù ú lọ, nítorí inú odò ló ń já sí. Lẹ́yìn tí wọ́n tú ìséde Kòrónà sílẹ̀ ní ọdún 2020 àti 2021, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rọ́ lọ síbẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ké gbàjarè nítorí ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn kan ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

A rántí Diutarónómì orí 23 pẹ̀lú, níbi tí a ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n mú ohun ìwalẹ̀ dání lọ sẹ́yìn ibùdó, kí wọ́n sì bo ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, nítorí Ọlọ́run ń rìn láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run kò tijú láti sọ, kí ló dé tí àwa ń tijú rẹ̀?

Òfin Skọ́tlándì ti ọdún 2003 fún gbogbo èèyàn láyè láti rìn àti láti pàgọ́ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bí wọ́n bá fi ọgbọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò fún ọkọ̀ ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó bá òfin náà rìn sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ jìnnà sí odò tó mítà 30, ó kéré tán. Ẹni tó bá fẹ́ yàgbẹ́ ní láti jìnnà sí ilé, sí ọ̀nà, sí omi àti sí ẹran ọ̀sìn, kí ó gbẹ́ kòtò tí kò jìn, kí ó sì fi koríko ibẹ̀ bò ó padà.

Ìyá àwọn ọmọ di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ń ka ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, ó sì fi ìró ṣe ìbòjú fún wọn. Kantíkantí kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Màmá bá padà dé. Wọ́n ní, “Ó ṣe mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé lóko.”

BÍ A TI Ń DÀ Á NÙ

Ní Durness, ní ibùdó kan lókè etíkun, a rí ibi tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ rin irú ìrìn-àjò yìí, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ rí i pé ìdérí kásẹ́ẹ̀tì ti padé kí ẹ tó fà á jáde. Ẹ yí ọrùn rẹ̀ síta, kí ẹ rọra dà á, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kó má bàa ta sí yín lára. Ẹ̀rọ omi tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ má ṣe gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi mímu láéláé. Lẹ́yìn náà, ẹ da oògùn rẹ̀ àti omi díẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ wo ara ike oògùn náà dáadáa: àwọn kan ní formaldehyde nínú, èyí tó ń pa kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ́ kí sọ́kàwéè ṣiṣẹ́. Tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìnujú olómi tàbí páàdì. Omi tí ẹ fi fọ abọ́ ní ibi tirẹ̀ tí wọ́n ń dà á sí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má dúró de iná pupa. Láràárọ̀ tí ẹ bá ti wà ní ibùdó, ẹ dà á nù.

Bí bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣe é, a rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. A ní kí wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀. Wọ́n gba rọ́bà omi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bá a da omi sí i títí ó fi mọ́. Wọ́n wá ní, “Ọwọ́ tó gbé tèmi kò ní gbé ìbànújẹ́.” Gbogbo wa ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà títí a fi dé John o' Groats, tí a sì padà sí Inverness, Màmá ń mu omi, wọ́n sì ń mu tíì.

Ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe nínú ọkọ̀ nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wà nílé wa tí wọn kì í mu omi bó ṣe yẹ, nítorí àtẹ̀gùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ga, tàbí nítorí wọn kò fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu lóru. Wọn kò ní sọ ọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè jẹ́jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìtọ́jú wọn kì í ṣe ẹrù. Ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ gbé tiwa.