Màrìwò Lẹ́nu Odò Mono

Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, tó tún tẹ̀lé títì etíkun lọ síwájú bíi 80 kìlómítà, yóò dé Grand-Popo nílẹ̀ Benin. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, tí mo gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémìjan lọ sí èbúté. Bouche du Roy ni mo fẹ́ wò, níbi tí odò Mono àti ọ̀sà ti jọ ń wọ òkun.

Bàbá tó fọkọ̀ gbé mi ti pẹja ní Àjàṣẹ́ rí, Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká. Ọ̀pá ló fi ń ti ọkọ̀ nítorí omi ò jìn. Kò pẹ́ tí a fi wọ àárín igi ẹ̀gbà. Gbòǹgbò wọn yọ síta lókè omi, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ kí wọ́n tó wọnú ẹrẹ̀ lọ. Omi ti fà, ẹrẹ̀ sì hàn. Àwọn akọ akàn ń ju apá ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n ní sókè, wọ́n fi ń pe abo. Ẹja kéékèèké kan ń fò kiri lórí ẹrẹ̀ bí ẹni pé wọn ò mọ omi rí. Bí awọ wọn bá ṣì tutù, wọ́n lè fi í mí.

Lórí iyanrìn tó la ọ̀sà àti òkun láàárín, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù tò lọ bẹẹrẹ. Orí iyanrìn yìí náà ni ìjàpá òkun ti ń gòkè wá yé ẹyin lóru.

Mo bèèrè manatí, ẹran omi ńlá tó ń jẹ koríko. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ìyẹn kì í yọjú sí àlejò. Koríko tó bá jẹ kù la fi ń mọ̀ pé ó kọjá.”

Nígbà tó yá, mo rí màrìwò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi. Mo na ọwọ́ sí i.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Sàngbétò ló ni ibẹ̀.”

Àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀ nílò igi ìdáná, igi ẹ̀gbà ni wọ́n sì ń gé. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà. Àwọn ará abúlé àti ẹgbẹ́ Eco-Bénin wá fa apá kan igbó náà lé Sàngbétò, eégún aṣọ́de àwọn Ògù, lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀. Lọ́dún 2017, UNESCO ka gbogbo agbègbè Mono, ní Benin àti Togo, mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ìwé UNESCO kọ́ ni bàbá ọlọ́kọ̀ tọ́ka sí, màrìwò ni.

Agbára màrìwò náà níbi tó mọ. Láti ọdún 1987 tí ìsédò Nangbeto ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lókè odò ní Togo, ìṣàn Mono ti yí padà: omi tí ì bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣàn wá. Sàngbétò ò lè lé ìsédò. Ìjọba ni yóò dá sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n àáké wà níkàáwọ́ wa. Igi ẹ̀gbà wà létí omi tiwa náà, Sàngbétò ò sì ṣàjèjì ní Àgbádárìgì. Ẹ̀yin ọba àti àgbà etí òkun, ẹ bá wa so màrìwò mọ́ èyí tó kù.